iPod Àtijọ́ àti Rédíò Onífọwọ́tẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Lè Jọ Ṣiṣẹ́ Nínú Ọkọ̀

Ẹni tí iPod Classic rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ kì í fẹ́ fi í sílẹ̀. Láti 2014 ni Apple ti ṣíwọ́ títà á, àmọ́ orin inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kó jọ ní ọ̀sẹ̀ kan: àwo àpàlà Haruna Ishola tí ẹnì kan jókòó tì títí tó fi gbà á sórí kọ̀ǹpútà, kásẹ́ẹ̀tì fújì tí ẹni tó ń tà á ti kógbá sílé, wákà tí ìyá fẹ́ràn, ìwàásù tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá ra Corolla tòkunbọ̀, ó ní kí wọ́n yọ rédíò tó bá a wá, kí wọ́n fi èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bíi tábúlẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Ó ki okùn iPod bọ ihò USB. iPod ń wo rédíò, rédíò ń wo iPod, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Orí ìwé yìí wà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá rí báyẹn. Ọ̀nà tí orin lè gbà kúrò nínú iPod bọ́ sínú sípíkà ọkọ̀ pọ̀ díẹ̀, wọn ò sì dọ́gba rárá. Kí n tètè sọ èrò tèmi: ẹ jẹ́ kí iPod máa ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn ni pé kó máa yan orin, kó sì máa kọ ọ́, kí rédíò kàn máa gbé ohùn náà jáde. Ẹni tó bá ní dandan ni kí orúkọ orin hàn lójú rédíò kí òun sì máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, òun ló ń náwó jù, òun náà ló sì ń bínú jù.

Kí ló dé tí USB kò gbọ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé USB kan ò yàtọ̀ sí òmíràn. Ihò lè rí bákan náà, kí èdè tí ẹ̀rọ méjì ń sọ nínú rẹ̀ yàtọ̀. Rédíò tí wọ́n dìídì ṣe fún iPod ní ṣípù kékeré kan nínú tí Apple fọwọ́ sí. Ṣípù yìí ni iPod máa ń bi pé “ta nìyẹn?” kó tó gbà kí rédíò máa pàṣẹ fún òun. Ọ̀pọ̀ Pioneer, Kenwood àti Alpine ayé ìgbà iPod ní in. Àwọn rédíò Android tí kò wọ́n, irú èyí tó kún ọjà Ladipo àti Alaba, kì í sábà ní in, kò sì sí áàpù tó lè rọ́pò ṣípù tí kò sí níbẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń ṣi èèyàn lọ́nà ni CarPlay tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Torí pé Apple ló ni ín, ó dà bíi pé ó yẹ kó bá iPod mu. Iṣẹ́ iPhone nìkan ni CarPlay ń bá ṣe, láti orí iPhone 5 tó jáde ní 2012 wá sókè. Kò sí iPod kankan tó lè lò ó, títí kan iPod Touch tó jọ fóònù bí ẹní jọ ìbejì rẹ̀. Android Auto náà, fóònù Android ló wà fún. Ohun tó yẹ kí ẹ wá lára páálí tàbí nínú ìwé ìlò rédíò ni “Made for iPod”, kí orúkọ irú iPod tiyín sì wà lára àwọn tí wọ́n tò sábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbé iPod yín dání lọ síwájú ìsọ̀, kí òǹtajà so ó mọ́ rédíò tó wà lórí tábìlì rẹ̀, kí ẹ fi etí yín gbọ́ orin kí ẹ tó yọ owó. Òǹtajà tó ń sọ pé “á ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n, á ṣiṣẹ́” ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ẹ dán an wò ti dá yín lóhùn.

Ẹ wo ìdí iPod yín

iPod tó kọ́kọ́ jáde ní 2001, tí àyè inú rẹ̀ kò ju 5GB lọ, àti ìran kejì rẹ̀, okùn FireWire ni wọ́n ń lò. Ihò íápíìsì nìkan ló wúlò fún wa lára wọn. Láti ìran kẹta, ní 2003, ni ihò pẹlẹbẹ gbọọrọ ti wà ní ìdí rẹ̀, èyí tó ní pínnì 30. Mini, Classic, iPod tó ń fi fídíò hàn àti Nano láti orí ìran kìíní dé ìkẹfà, gbogbo wọn ló ní in. Shuffle ò ní in rárá. Nano ìran keje àti Touch ìran karùn-ún tó jáde ní 2012 ti bọ́ sí ihò Lightning kékeré.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ihò pẹlẹbẹ yìí ni pé kì í ṣe USB nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ohùn orin náà ń gba ibẹ̀ jáde lórí pínnì tirẹ̀, láì gba inú ẹ̀rọ kékeré tó ń ti ohùn sínú íápíìsì kọjá. Ohùn náà mọ́, ojú kan ló sì máa ń wà: bí ẹ bá ń yí wíìlì iPod títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní lọ sókè, kò ní wálẹ̀. Rédíò lẹ ó máa fi yí i.

Kí ẹ tó ra okùn kankan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò yẹn. Òwú àpò ṣòkòtò àti eruku ọ̀pọ̀ ọdún ti dì mọ́ inú ọ̀pọ̀ wọn, àwọn èèyàn á wá máa ra okùn lórí okùn. Igi ìtayín tó gbẹ ni kí ẹ fi yọ ọ́ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iPod. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Ọ̀nà tó dára jù: láti ìdí iPod sí AUX

Okùn tí ẹ ń wá ní orí pínnì 30 lápá kan, ó wá pín sí méjì lápá kejì: orí USB tó ń gba iná fún bátìrì, àti orí AUX 3.5mm tó ń gbé ohùn. Bí ẹ bá bèèrè okùn iPod ní Computer Village n'Ìkẹjà, èyí tó ní USB nìkan ló ṣeé ṣe kí wọ́n nà sí yín, torí òun ló wọ́pọ̀. Ẹ ṣàlàyé pé ẹ fẹ́ èyí tó ní ẹsẹ̀ méjì.

Bí ihò AUX bá wà níwájú rédíò tàbí nítòsí jíà, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ọkọ̀ tòkunbọ̀ yín bá sì ti ní ihò AUX tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ má rò pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ rédíò; ọ̀pọ̀ rìwáyà kì í so ó padà. Ti rédíò Android sábà máa ń wà lẹ́yìn, níbi tí ojú kò tó, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì ti ń dojú rú. Bí ẹ bá fa rédíò náà jáde díẹ̀, ẹ ó rí ìdì wáyà tí orí wọn ṣe róbótó, àwọn kan pupa, àwọn kan funfun, àwọn mìíràn ofeefee. Orí tí ohùn ń bá wọlé àti èyí tí ohùn ń bá jáde lọ sínú àńpìlì rí bákan náà, àwọ̀ kan náà ni wọ́n sì ní. Bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọrùn wáyà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìyàtọ̀. AUX-IN tàbí AV-IN ni kí ẹ wá, pupa fún apá ọ̀tún, funfun fún apá òsì. FL, FR, RL, RR àti SUB ń gbé ohùn jáde ni. Bí ẹ bá so iPod mọ́ ìwọ̀nyẹn, nǹkan kan ò ní jóná, àmọ́ ẹ ó jókòó síbẹ̀ títí láì gbọ́ ohunkóhun. Ofeefee jẹ́ ti àwòrán, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn rédíò kan kò ní orí pupa àti funfun; ihò kékeré kan tó dà bíi ti íápíìsì ni wọ́n kọ AV-IN sí lára. Níbẹ̀, ẹ ka òrùka dúdú tó wà lára orí okùn. Ti AUX lásán ní méjì. Èyí tó ń gbé àwòrán pẹ̀lú ohùn ní mẹ́ta. Bí ẹ bá ki olórùka méjì sínú ihò tó ń retí mẹ́ta, apá kan sípíkà lè dún kí ìkejì dákẹ́ fọ́ọ́, ẹ ó sì máa bú sípíkà tí kò ṣẹ̀.

Bí ẹ kì í bá ṣe ẹni tó ń tú ọkọ̀, ẹ pe rìwáyà sí i, kí ẹ sì dúró tì í. Kí ó kọ́kọ́ fi sípánà 10 tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì ọkọ̀ kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ohun tí a fi ń ṣí páńẹ́lì yẹ kó jẹ́ ti rọ́bà, kì í ṣe sikirudiráfà tó máa họ dáṣíbọ́ọ̀dù yánnayànna. Kí ó fa okùn tó ní orí pupa àti funfun lápá kan, ihò 3.5mm lápá kejì, kọjá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù jáde sínú píjìnhóòlù. Bí ẹ bá rí i tó ń fi eyín bó wáyà láti fi tẹ́ẹ̀pù dúdú lọ́ ọ pọ̀, ẹ dá a dúró: okùn tó ní orí tirẹ̀ wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Ìgbà tó bá ti so ó tán, tó dá bátìrì padà, tó fẹ́ ti rédíò wọlé, ìgbà náà gan-an ni kí ẹ sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ má tíì dá páńẹ́lì padà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn ná.” Ẹ fi orin kan sí i, ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń pín ohùn lójú rédíò, ẹ ti ohùn sí òsì pátápátá, lẹ́yìn náà sí ọ̀tún. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dún kí ó tó ki sikirúù kan bọnú.

Lójú rédíò, áàpù AUX tàbí AV-IN lẹ ó ṣí. Ó ṣeé ṣe kó kọ “No Signal” sójú dúdú, torí àwòrán ló ń retí. Bí ohùn bá ti ń jáde, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹni tí iPod tirẹ̀ kò ní ihò pẹlẹbẹ, tàbí tí ihò ọ̀hún ti bàjẹ́, á lo ihò íápíìsì. Ó ṣeé gbọ́ dáadáa bí a bá mọ ibi tí a ó fi ohùn iPod sí: bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí a wá fi rédíò ṣe ìyókù. Bó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó yí ohùn rédíò sókè tán, kíkùn ṣììì á sì bá orin jáde. Bó bá pọ̀ jù, ohùn á ya. Ẹ wọ Settings inú iPod, ẹ pa EQ, pàápàá Bass Booster, èyí tó máa ń sọ ohùn gángan di ohùn agolo bí rédíò bá tún fi báàsì tirẹ̀ kún un. Ẹ yẹ Volume Limit náà wò níbẹ̀. Ẹlòmíràn lè ti fi ààlà sí ohùn nítorí ọmọdé nígbà kan tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́.

Ìró tó ń han pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì

Gbogbo rẹ̀ ti dára, ẹ wá tẹ ẹsẹ́lẹ́rétọ̀, ìró kan tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ sí í han wíììì nínú sípíkà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i, ó ga sí i. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó wálẹ̀. iPod kọ́ ló bàjẹ́. Nígbà tí ẹ so USB rẹ̀ mọ́ ṣájà ọkọ̀ tí ẹ sì so AUX rẹ̀ mọ́ rédíò, ó di pé ọ̀nà méjì ló ń gbà kan ara irin ọkọ̀, ariwo ọ́tánétọ̀ tó ń ṣájì bátìrì ọkọ̀ sì rí ọ̀nà gbà wọ inú ohùn.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ yọ USB lẹ́nu ṣájà nígbà tí orin ń lọ. Bí ìró náà bá dá wáí, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ lè máa ṣájì iPod nílé kí ẹ fi AUX nìkan lò ó lójú ọ̀nà. Bátìrì Classic tó ṣì dára á gbé yín láti Èkó dé Ìbàdàn kí ó sì gbé yín padà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàfò kún un. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó máa gba iná, ẹ bèèrè àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator. Tíráńsífọ́mà kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún, tí ohùn ń ré kọjá láàárín wọn láìsí pé irin kan irin. Àárín okùn AUX ló máa ń wà.

Bí ìró náà kò bá lọ lẹ́yìn tí ẹ yọ USB, wáyà dúdú tó ń ti ẹ̀yìn rédíò lọ sára irin ọkọ̀ ni kí rìwáyà tọ̀ lọ. Wọ́n lè ti dè é mọ́ ibi tí ọ̀dà wà tàbí tó ti dógùn-ún. Kí ó ha ibẹ̀ títí irin fi dán, kí ó sì fi sikirúù mú un le.

Bluetooth àti FM

Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tú ọkọ̀ òun lè ki ẹ̀rọ Bluetooth kékeré sí ihò íápíìsì iPod. Ohun pàtàkì kan ni kí ẹ fi sọ́kàn: èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ń gba ohùn wọlé, òdìkejì ohun tí ẹ fẹ́ sì nìyẹn. Èyí tó ń fi ohùn ránṣẹ́ ni kí ẹ bèèrè, TX ni wọ́n máa ń kọ sí i. Èyí tí wọ́n kọ RX sí kò lè ṣe é. Àwọn mìíràn ní méjèèjì pẹ̀lú bọ́tìnì tí a fi ń yàn. Kò ní ojú tí ẹ lè kà, nítorí náà ó dára kí rédíò lè wá a kàn fúnra rẹ̀. Bí rédíò yín bá jẹ́ irú tó kàn ń dúró de fóònù láti wá a wá, ó lè má rí i láéláé. Bí rédíò bá bèèrè nọ́ńbà, 0000 tàbí 1234 ni ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ohùn rẹ̀ kò dára tó ti okùn, àmọ́ nínú ọkọ̀ tí fèrèsé ẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí afárá Third Mainland, ta ló máa mọ̀?

Ti FM, èyí tó ń sọ iPod di ilé iṣẹ́ rédíò kékeré, ẹ má lò ó àfi bí ọ̀nà mìíràn kò bá sí mọ́. Èkó kún. Inspiration wà lórí 92.3, Bond lórí 92.9, Rhythm lórí 93.7, ibi tí ẹ rò pé ó ṣófo láàárín wọn kì í ṣófo bí ẹ bá dé ibòmíràn. N'Ìbàdàn, Splash wà lórí 105.5, Fresh lórí 105.9, ẹni tó bá tẹ́ ẹní tirẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì á gbọ́ ìròyìn, ìpolówó àti orin ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ẹni tó ṣì fẹ́ fojú rí orúkọ orin

Ọ̀nà kan ni láti kó orin kúrò nínú iPod sórí fláàṣì, kí rédíò ka fláàṣì náà. iPod tí wọ́n fi Windows tò, bíi fláàṣì tí a ṣe ní FAT32 ni kọ̀ǹpútà ń rí i bí ẹ bá ti fún un láyè láti máa jẹ́ dísìkì nínú iTunes. Èyí tí wọ́n fi Mac tò ń lo ọ̀nà ìtòjọ tí Windows àti rédíò Android kò mọ̀, Mac lẹ ó fi ṣí i. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà fi àwọn fáìlì tó fara pa mọ́ hàn, ẹ ó sì rí fódà iPod_Control, Music nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà fódà F00, F01, F02 lọ rẹrẹẹrẹ. Inú F17, fún àpẹẹrẹ, ẹ lè rí fáìlì tó ń jẹ́ KWPX.mp3. Bí iPod ṣe ń sọ orin lórúkọ nìyẹn, lẹ́tà mẹ́rin tí kò nítumọ̀. Ìdí kan náà nìyí tí rédíò Android tó bá tilẹ̀ rí iPod ka bíi dísìkì fi máa ń to orin jáde bí ẹni ń ka nọ́ńbà ọkọ̀.

Orúkọ gidi ò sọnù, inú fáìlì ló wà. Ẹ kó gbogbo fódà náà sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi Mp3tag ṣí i, ọ̀fẹ́ ni lórí Windows, ó sì lè fi orúkọ inú fáìlì sọ fáìlì náà lórúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí ìdí wọn jẹ́ .m4p, tí ẹ rà ní iTunes ṣáájú 2009, títì ni wọ́n. Rédíò ò ní lè kọ wọ́n. Bí ẹ bá kọ orúkọ orin pẹ̀lú àmì Yorùbá, ẹ fi pamọ́ bíi ID3v2.3 UTF-16, torí ọ̀nà àtijọ́ ò ní àyè fún ẹ, ọ àti ṣ, á sì sọ wọ́n di àmì ìbéèrè. Bí ìyẹn náà bá ṣì ń fi àpótí òfìfo hàn lójú rédíò, kò sí lẹ́tà alámì nínú rédíò náà nìyẹn. Ẹ yọ àmì kúrò, bó ti wù kó dunni tó.

Pẹ̀lú gbogbo làálàá yìí, ohun kan wà tí fláàṣì ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Àwo jùjú àwọn Ebenezer Obey àti Sunny Adé láyé 1970 sábà máa ń jẹ́ orin kan tó gba ojú àwo kan tán, ìkíni sí ìkíni, ìlù sí ìlù, ó lè lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bọ́tìnì “orin tó kàn” ò wúlò níbẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ ni kí ẹ sún síwájú dé ibi tí gìtá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórin. Lórí iPod, ẹ ó tẹ bọ́tìnì àárín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó yí wíìlì díẹ̀. Lójú rédíò, ìka lẹ ó fi fa ìlà tín-ín-rín kan lórí gíláàsì nígbà tí ọkọ̀ ń já sí kòtò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ṣe é, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́. Kí ẹ sì tó gbéra, ẹ to orin ìrìnàjò jọ: bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì àárín Classic pẹ́ lórí orin kan, ẹ lè fi í sínú On-The-Go.

Oòrùn

Apple kọ ọ́ sínú ìwé Classic pé kí a má lò ó níbi tó gbóná ju 35°C lọ, kí a má sì tọ́jú rẹ̀ níbi tó ju 45°C. Ọkọ̀ tí a pa sínú oòrùn ọ̀sán oṣù kejì kọjá ìyẹn láìpẹ́. Bátìrì inú iPod lè wú, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta kúrò lára ojú rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ má ṣájì í mọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó máa pààrọ̀ bátìrì. Inú píjìnhóòlù tí òjìji wà sàn ju orí dáṣíbọ́ọ̀dù lọ, inú báàgì tó bá yín wọlé sì sàn ju píjìnhóòlù lọ. Okùn lè dúró sínú ọkọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ pa ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ dá orin dúró lórí iPod. Èyí tó wà lẹ́nu ihò íápíìsì kò mọ̀ pé rédíò ti kú. Á máa kọrin lọ fún ara rẹ̀ títí bátìrì á fi tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ti bọ́tìnì Hold orí rẹ̀ sí apá tó ń fi àwọ̀ ọsàn hàn, kí nǹkan kan má baà tẹ̀ ẹ́ nínú báàgì.